Oko baba ẹlòmíràn: òwe àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tó dókòwò sókè òkun

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé òwe tó ní "Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun" bá ilé-iṣẹ́ tó ń kó owó lọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè mu? Ó bá a mu, ṣùgbọ́n ìgbéraga nìkan kọ́ ni òwe yìí ń bá wí. Ẹni tó dé oko olóko á rí bí wọ́n ṣe kọ ebè níbẹ̀, á mọ ibi tí tirẹ̀ kù sí, ó sì lè tọrọ igi ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lọ gbìn sílé.

Ẹ wo Geely ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí Li Shufu dá sílẹ̀ ní 1986. Ẹ̀yà ara fíríìjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ sórí alùpùpù, kí wọ́n tó dé ìdí mọ́tò. Ní 2010, wọ́n ra ilé-iṣẹ́ mọ́tò Volvo ti ilẹ̀ Swídìn lọ́wọ́ Ford. Ẹnjiníà Volvo kan, Nils Bohlin, ló ṣe bẹ́líìtì tó ti èjìká wá sí ìbàdí ní 1959, èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń torí rẹ̀ dá wa dúró títí dòní.

Ohun tó tẹ̀lé rírà náà ló jọ mí lójú jù. Geely kò hú Volvo kúrò ní Gothenburg, ìlú rẹ̀ ní Swídìn. Ibẹ̀ gan-an ló dá ibùdó ìwádìí sí ní 2013, níbi tí àwọn ẹnjiníà ti ṣe ìpìlẹ̀ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CMA, ìyẹn egungun abẹ́ tí wọ́n ń to ìyókù ọkọ̀ lé, tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì sì ń lò ó. Orí rẹ̀ ni Volvo XC40 ti jáde, orí rẹ̀ náà sì ni Lynk & Co 01 tí Geely ń ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ oríṣiríṣi bá jọ ń lo ìpìlẹ̀ kan, owó ìwádìí á pín sórí ọkọ̀ púpọ̀, ẹ̀yà ara tí wọ́n ń rà lọ́pọ̀ á sì dínwó. Igi ẹ̀gẹ́ tó délé nìyẹn.

Àjò nìkan kọ́ ló ń ṣe é o. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ti rí i pé ilé-iṣẹ́ tó ti lágbára nílé tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń lọ sókè òkun, nítorí náà a kò gbọdọ̀ ka gbogbo ìtayọ wọn sí èrè àjò. Ọmọ tí kò mọ ọkọ́ dì mú, bó dé oko mẹ́wàá, iyán ni yóò jẹ bọ̀. Bákan náà, ẹni tó lọ nítorí òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú nìkan lè rí èrè owó, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àrà tuntun ṣọ̀wọ́n níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ.