Ṣé lóòótọ́ ni àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin kì í fẹ́ ṣègbéyàwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kàwé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní nínú 100 ìgbéyàwó ní Faransé, ti ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin kò ju 3 tàbí 4 lọ, pé èyí fi hàn pé wọn ò ka ìgbéyàwó sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣegboyè mi.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, iye tí ọ̀rẹ́ rẹ mú wá tọ̀nà. Ohun tó fà yọ níbẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ní 2014, ìgbéyàwó bíi 241,000 ló wáyé ní Faransé, tiwọn sì lé díẹ̀ ní 10,000. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò pọ̀ láwùjọ. Tí wọ́n bá jẹ́ 4 nínú 100 àgbàlagbà, a jẹ́ pé wọ́n ń ṣègbéyàwó bí àwọn tó kù nìyẹn.

Ṣọ́ra fún ọdún tó o máa mú pẹ̀lú. Oṣù karùn-ún 2013 ni òfin fàyè gbà á níbẹ̀, àwọn tó ti ń gbé pọ̀ tipẹ́ sì rọ́ lọ sí mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Nígbà tó fi di 2015, iye náà kò tó 8,000 mọ́.

Amẹ́ríkà ló yé mi jù. Ní 2017, ọdún méjì lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí i, iléeṣẹ́ Gallup, tó máa ń ṣèwádìí èrò aráàlú, rí i pé nínú gbogbo àgbàlagbà irú wọn, bíi 10 nínú 100 ló ti fẹ́ ẹni tó jọ wọ́n ní akọ tàbí abo. Nǹkan bí ìdajì gbogbo àgbàlagbà Amẹ́ríkà ló wà nílé ọkọ tàbí tó níyàwó. Àlàfo ńlá nìyẹn! Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya, 61 nínú 100 ti ṣègbéyàwó. Ìwádìí kan náà ni o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì kéré lọ́jọ́ orí, àwọn míì lè fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, wọ́n sì ti wà pẹ̀lú ẹni tí kò jọ wọ́n ní akọ tàbí abo. Nítorí náà, ẹni ọdún 30 sí 39 ni kó o fi wé ẹni ọdún 30 sí 39, kó o sì kọ ọ́ sókè tábìlì bóyá gbogbo àgbàlagbà lo kà, tàbí àwọn tó ń gbé pọ̀ nìkan.

Tó o bá fẹ́ fi Benin kún un, rántí pé òfin ìdílé wa ti 2004 kò mọ̀ ju ọkùnrin àti obìnrin lọ. Òdo tó o bá rí nínú ìwé mẹ́rì, òfin ló kọ ọ́ síbẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn ẹnikẹ́ni. Kódà ní Kétu, mélòó nínú àwọn tó ṣe ìdáàna, tí wọ́n ti bímọ, ló ti dé mẹ́rì rí? Má lo ìwé mẹ́rì nìkan.