Ìyàwó yín tó ń jókòó sùn: ẹ jọ̀ọ́, ọkàn ni kí wọ́n yẹ̀ wò

Bàbá ọmọ tuntun, ẹ kú ewu ọmọ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ ní ẹ̀ẹ̀mejì: ìyàwó yín bímọ ní Kano ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ó ń wúkọ́ lóru, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí dáadáa, ìyá yín wá ní òtútù ló wọ̀ ọ́ lára, kí ẹ máa fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn ní Zaria lọ́dún 2016, àìsàn ọkàn tó máa ń mú ìyá ọmọ tuntun ni, díẹ̀ ló kù kí ọmọ mi di aláìníyàá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bímọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrọ̀rí méjì sùn, ó di mẹ́ta, nígbà tó yá orí àga ni mò ń sùn, ọmọ lórí itan, ojú mi sí fèrèsé, tí mo bá ti gbọ́ ládàánì tó ń pe ìrun àsùbáà màá mọ̀ pé ilẹ̀ tún ti mọ́ bá mi lójúfò. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi lọ́jọ́ kan, ihò tó dá síbẹ̀ ò tètè dí, àfi bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún búrẹ́dì. Gbogbo èèyàn ní àárẹ̀ ìbímọ ni. Oníkẹ́míìsì kan ta oògùn ikọ́ fún mi, ó tún ta ti òtútù àyà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko bá a lọ.

Àwọn ìyá àdúgbò wa ní Samaru, Ọlọ́run á bá mi san wọ́n lóore torí àwọn ló ń fọ aṣọ ọmọ mi, ń gbé kunun kanwa, ìyẹn kunu tí wọ́n fi kanwa sí, wá láràárọ̀, kọ́ọ̀pù ńlá, bí àṣà wọn ṣe rí fún ẹni tó bímọ, ogójì ọjọ́, pẹ̀lú wankan jego, ìwẹ̀ ẹni tó bímọ, omi tó gbóná débi pé ewé dongoyaro ni wọ́n fi ń wọ́n ọn síni lára. Kanwa yẹn náà là ń pè ní káún, irú iyọ̀ kan ni, ó dẹ̀ máa ń dá omi dúró sára. Láti bí ọdún 1970 sí 1979 làwọn dókítà Zaria ti ń kọ̀wé nípa àìsàn yìí. Dókítà tèmi ṣàlàyé pé káún nìkan kọ́ o, iṣan ọkàn fúnra ẹ̀ ló rẹ̀, láti oṣù tó gbẹ̀yìn oyún títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ káún àti omi gbígbóná á tún di ẹrù kún ẹrù fún un.

Ọkàn ò ju ìkúùkù èèyàn lọ. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti yí ara ká, ó ń tì í sínú ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba afẹ́fẹ́, apá òsì á gbà á níbẹ̀ á tì í padà sí gbogbo ara, bíi lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Tí apá òsì bá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dá sẹ́yìn bí omi gọ́tà tí ọ̀rá dí, omi á máa sun sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá wá dùbúlẹ̀, omi tó ti rọ̀ sí ẹsẹ̀ látàárọ̀ á ṣàn padà wá sí àyà, ìdí nìyẹn tó fi ń jí gìrì wá afẹ́fẹ́.

Ẹ́kò ni wọ́n fi rí tèmi, síkáànì ọkàn ni, kò dunni rárá. Mo rí ọkàn mi níbẹ̀ tó ń gbọ̀n pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ dípò kó fún ara ẹ̀ pọ̀. Nínú ìdá 100 ẹ̀jẹ̀ tó bá wọnú ẹ̀, ìdá 25 péré ló ń tì jáde, ti ẹni tára ẹ̀ dá máa ń lé ní 55. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, lálẹ́ ọjọ́ kejì mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, omi bọ́ lójú mi.

Àṣìṣe mi wá ni pé nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò wú mọ́ lóṣù kejì, mo dá oògùn dúró torí owó. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tún gbé mi padà. Ẹ má jẹ́ kó dán an wò láé! Ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń bọ̀ sípò, tèmi dé 54 lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n oògùn ni, dókítà nìkan ló dẹ̀ lè ní kó dáwọ́ dúró. Kó má tíì lóyún míì o, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí oyún lè dá àìsàn yìí padà, àwọn kan nínú oògùn yẹn ò dẹ̀ dáa fún aboyún. Ẹ sọ fún wọn pé ó ń fọ́mọ lọ́mú. Èmi ṣì ń gun ìwọ̀n láràárọ̀, tó bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta mo mọ̀ pé omi ni, ọsibítù yá. Iyọ̀ mi lójúmọ́ ò tó ṣíbí ìmutíì kan, mo ka Mágì àti yájì mọ́ ọn.

Tí ẹ bá ń lọ báyìí, kó jókòó nínú mọ́tò, ẹ má dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ mú káàdì aláboyún ẹ̀ dání. Tí wọ́n bá ní ikọ́ lásán ni, ẹ fi sùúrù bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe ẹ́kò, ẹ tẹnu mọ́ ọn pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó bímọ. Ẹ má bá ìyá yín jà, ire ni wọ́n ń fẹ́, ẹ kàn rọra gba omi gbígbóná yẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí, mi ò ní pa fóònù mi lálẹ́ òní.