Ẹ má pe Peyton Manning ní ojo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé ṣé lóòótọ́ ni Manning, quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún tíìmù) nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, NFL, máa ń já wálẹ̀ tó bá ti di playoff, ìyẹn àwọn mátṣì ìparí sáà tó jẹ́ pé ẹni tó bá pàdánù ti jáde nìyẹn. Èmi ò gbà o. Nínú mátṣì playoff, ó borí 14, ó pàdánù 13, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni tíìmù ẹ̀ sì jáde níbi mátṣì àkọ́kọ́, ìyẹn ṣì ń dùn mí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí January 2007, Colts, tíìmù ẹ̀ nígbà yẹn, pàdé Patriots ti Tom Brady, 21 sí 3 ni Patriots fi ń nà wọ́n, a ti rò pé ó ti parí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù, bí wọ́n ṣe padà borí ní 38 sí 34 nìyẹn, wọ́n tún wá lọ na Bears gba Super Bowl, ife tó ga jù ní NFL. Ṣé ojo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ti Ravens ní January 2013 ńkọ́, nígbà tó ti wà ní Broncos, bọ́ọ̀lù gígùn tí Flacco, quarterback Ravens, jù sí Jacoby Jones nígbà tó ku bí ìdajì ìṣẹ́jú ló kó bá wọn, dìfẹ́ńsì (àwọn tó ń dènà) ló wà lórí pápá nígbà yẹn, orí bẹ́ǹṣì ni Manning wà! Super Bowl ti 2016 ṣá, mo gbà, Von Miller àtàwọn dìfẹ́ńsì Broncos ló gbé e dé ibẹ̀.