Kí Ni Lẹ́tà P Ń Wá Níwájú Psychology?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan pe p inú psychology jáde ketekete, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ p náà sí bí a kò bá ní í pè é. N kò rí èsì gidi fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti wá?

Ìdáhùn: Àwọn ará Gíríìsì kò ní í fi akẹ́kọ̀ọ́ yín rẹ́rìn-ín, nítorí pé láti ayé àtijọ́ títí di òní ni wọ́n ti ń pe p yẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo, psi (ψ), ni wọ́n fi ń kọ p àti s pọ̀. Nígbà tí àwọn ará Róòmù yá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ èdè Látìn, tí wọn kò sì ní psi nínú lẹ́tà tiwọn, wọ́n tú u sí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni h inú rhythm ṣe jẹ́ àmì èémí tó máa ń bá r jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì. Láti inú Látìn, nígbà mìíràn láti inú Faransé, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti gbà wọ́n, tòun ti àkọtọ́ wọn.

Ẹnu ni kò gbà á. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì abínibí tí ps, pt, pn tàbí mn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa Yorùbá náà kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra: nígbà tí bread dé ọ̀dọ̀ wa, a fi fáwẹ́lì là wọ́n, ó di búrẹ́dì. Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn kàn gbé ọ̀kan mì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Faransé àti àwọn ará Jámánì ṣì ń pe p náà.

Ohun tí ǹ bá kọ́kọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ yín ni pé lẹ́tà wọ̀nyí a máa jí bí fáwẹ́lì bá ṣáájú wọn. Pteron, tó túmọ̀ sí ìyẹ́ ní Gíríìkì, ló wà nínú pterodactyl, orúkọ ẹranko ayé àtijọ́ kan tó ń fò, níbi tí p ti dákẹ́. Òun náà ló wà nínú helicopter, níbi tí gbogbo ayé ti ń pe p. M kò dún nínú mnemonic (ọgbọ́n ìrántí nǹkan), ṣùgbọ́n ó dún nínú amnesia (àìlè rántí nǹkan), ọ̀rọ̀ ìrántí sì ni àwọn méjèèjì.

Kì í kúkú ṣe gbogbo p tó dákẹ́ ló ti Gíríìsì wá. Ti receipt, àwọn ọ̀mọ̀wé ló fi í síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè jọ Látìn. Ti ẹyẹ ptarmigan ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: ọ̀rọ̀ Gaelic ti ilẹ̀ Scotland ni, kò ní p rárá, àfi ìgbà tí ẹnìkan rò pé pteron ló ti wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gíríìkì wọ̀nyí tilẹ̀ wà lẹ́nu wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Psalmos ni Gíríìkì, psalm ni Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, p àti l rẹ̀ kò sì dún mọ́. Etí la fi gbà á lẹ́nu wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ́ ní Sáàmù.