Agbẹjọ́rò Ta Ni Yóò Kọ Ìwé Àdéhùn Wa?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ da òwò pọ̀. Èmi ni n ó mú owó wá, òun ló mọ iṣẹ́ náà tí yóò sì máa mójú tó o lójoojúmọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, yóò bá wa kọ ìwé àdéhùn láìgba owó. N kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé n kò fọkàn tán wọn, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jàre ọ̀rọ̀ yín. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò yòówù tó bá fẹ́ kọ ìwé náà ni pé ta ni òun ń ṣojú fún, nítorí ohun tó ṣe ọ̀kan nínú yín láǹfààní lè pa èkejì lára. Ẹ̀yin lè fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gba owó yín padà kí ẹ tó pín èrè, nígbà tí ọ̀rẹ́ yín lè fẹ́ máa gba owó oṣù kí ẹ tó ka ohunkóhun sí èrè. Bó ti wù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ tó, ẹrù ńlá ni ẹ gbé lé e lórí bí ẹ bá ní kó gba ẹ̀yin méjèèjì nímọ̀ràn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ oore wọn, kí ó kọ ìwé náà, kí agbẹjọ́rò tiyín sì kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ló mọ ẹjọ́ rò ní kóòtù tí wọn kì í kọ ìwé òwò. Ẹni tó ń kọ ọ́ déédéé ni kí ẹ wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akáǹtáǹtì, àti lọ́wọ́ àwọn tó ti bá ara wọn dòwò rí, pàápàá àwọn tó túká láìjà. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí lọ́dọ̀ àjọ tó ń fún àwọn agbẹjọ́rò níwèé àṣẹ bóyá orúkọ ẹni náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, kí òun náà sì kọ iye tí yóò gbà àti iṣẹ́ tí owó náà kárí sílẹ̀ fún yín.

Bí ẹ kò bá kọ àdéhùn rárá, òfin ni yóò bá yín ṣe é. Nínú òfin àjọṣe òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1890, tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà wò kọ́ tiwọn, ọgbọọgba ni a ń pín èrè níbi tí kò bá sí àdéhùn, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ló mú gbogbo owó wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó oṣù, bí ẹnì kan bá sì kú, àjọṣe náà túká. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni gbèsè, torí pé nínú irú àjọṣe yìí, gbèsè òwò lè wọ inú ohun ìní tiyín, títí kan ilé tí ẹ ń gbé. Agbẹjọ́rò gidi yóò fúnra rẹ̀ bi yín bóyá kò ní sàn kí ẹ forúkọ òwò náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tó dá dúró fúnra rẹ̀ lábẹ́ òfin, kí gbèsè má baà kọjá owó tí ẹ fi sínú rẹ̀. Ẹni tó bá kàn na ìwé tó ti wà nílẹ̀ sí yín láìbéèrè ohunkóhun, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó lọ bá agbẹjọ́rò, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò máa fọwọ́ síwèé ní báńkì, báwo ni a ó ṣe díyelé ìpín ẹni tó bá fẹ́ kúrò, ta ni yóò sì parí aáwọ̀ bí ẹ kò bá fohùn ṣọ̀kan.