Fíìmù wo ni áńgẹ́lì ti di ènìyàn nítorí obìnrin?
City of Angels ni ẹ ń wá, ọdún 1998 ló jáde. Nicolas Cage ló ṣe áńgẹ́lì náà, Seth. Meg Ryan sì ni dókítà oníṣẹ́-abẹ tí ọkàn rẹ̀ fà sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí tí wọ́n ti fà á yọ: Wings of Desire, tí Wim Wenders ará Jámánì ṣe ní 1987. Dúdú àti funfun nìkan ni àwọn áńgẹ́lì ibẹ̀ ń rí. Nígbà tí Damiel, ọ̀kan nínú wọn, di ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ jáde lórí rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó wá ń bi ẹni tó ń kọjá lọ ní orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn gan-an.