Awò wo ló yẹ fún wíwo ẹyẹ òkun látinú ọkọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé. Lóṣù kẹjọ, èmi àti ọmọ mi fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi yí erékùṣù Príncipe ká, ká lè wo ẹyẹ òkun àti àbùùbùtán. Mo ra awò ìwọ̀nà-jíjìn tó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 20. Mo dán an wò nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà wa níbí, òòyì ló ń kọ́ mi, mi ò rí ẹyẹ kankan. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, ìyá wa. Kì í ṣe ayédèrú, agbára rẹ̀ ló pọ̀ jù fún inú ọkọ̀. Bó ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ àti mímì ọkọ̀ di ńlá. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 tàbí 7x50 sí lára ni kẹ́ ẹ wá. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìlọ́po. Èkejì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbẹ́ àyà, kẹ́ ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Ti 20 yẹn á wúlò ní etíkun, lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Àmọ́ ká sòótọ́, ojú lásán ló ń rí nǹkan lókun. Awò kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Ibi tí ẹyẹ bá ti ń rọ́ gììrì sójú kan ni kẹ́ ẹ máa wá. Ẹyẹ dúdú lẹ́yìn, funfun nínú, tí ìrù rẹ̀ là bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ló pọ̀ jù ní Tinhosas, àwọn àpáta tó wà ní gúúsù Príncipe. Kì í sábà bà lé omi, torí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń rin. Ẹja kéékèèké tí tunà bá lé sókè ló ń ṣà jẹ. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí i tó ń fò nílẹ̀ nílẹ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Èyí tó tóbi jù ú lọ, aláwọ̀ ilẹ̀ oníkùn funfun, ọgbọ́n tiẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀gbẹ́ iwájú ọkọ̀ ló máa ń bá yín fò. Bí ọkọ̀ bá ti dẹ́rù ba ẹja tó ń fò, tí ẹja náà ta kúrò lómi, wéré ló ti gbé e. (Ọmọ yín á fẹ́ràn ìyẹn ju àbùùbùtán lọ, mo mọ ọmọdé.)

Oṣù kẹjọ dára. Láàárín oṣù keje sí ìkẹwàá ni àbùùbùtán abuké ń ti òkun tútù ẹ̀bá Antarctica wá bímọ ní agbègbè wa. Wọ́n ń kọjá níwájú Kútọnu pàápàá. Èémí rẹ̀ tó ń tú fùú sókè lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ti ìjàpá òkun tó ń yé sínú yanrìn, ó di nǹkan bí oṣù kọkànlá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́kọ̀ bí yóò ṣe sún mọ́ àbùùbùtán tó. Bó bá ní òun á gbé yín débi tẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn án, ẹ wá ẹlòmíràn. Ọgọ́rùn-ún mítà ti tó, pàápàá bí ìyá bá wà pẹ̀lú ọmọ. Ẹ má sì gbà kó gúnlẹ̀ sí Tinhosas: bí ẹyẹ bá fò kúrò lórí ẹyin, oòrùn lè bà á jẹ́.